Kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká tí mo rà, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí lọ síbi iṣẹ́, táyà ínṣì 20, gíà mẹ́ta péré. Ó dùn ún gùn o, àmọ́ ojú ọ̀nà tó tẹ́jú ló mọ̀ jù, tá a bá ti dórí òkè mo máa ń sọ̀kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ni, kí ló kàn mí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ orúnkún dùn mí débi pé mo fẹ́ tà á, àṣé ìjókòó ẹ̀ ni mo gbé wálẹ̀ jù, ìgbà tí mo gbé e sókè tẹ́sẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìrora ọ̀hún pòórá. Bíréèkì ẹ̀ dáa tílẹ̀ bá gbẹ, ṣùgbọ́n tójò bá ti rọ̀ ẹ tètè máa fà á o, torí rọ́bà tó ń di ríìmù mú máa ń yọ̀. Iná ẹ̀yìn? Ìranù ni, mo ti pààrọ̀ ẹ̀. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí àgbàlagbà máa fara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, àlọ àtàbọ̀ mi nìkan ti ju ìyẹn lọ. Àwọn aládùúgbò tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, méjì nínú wọn ti ń bi mí níbi tí mo ti rà á.