Sátidé mẹ́fà pẹ̀lú Faustus àti Hieronimo ní Bódìjà: àbọ̀ ẹni tí ó san owó rẹ̀

Mo san ₦18,000 fún kíláàsì Sátidé mẹ́fà kan tí wọ́n ń ṣe ní yàrá ìpàdé kan ní Bódìjà, níbi tí àwa bíi ogún ènìyàn ti ń jókòó láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago kan ọ̀sán, tí a ń ka àwọn eré onítàn apanilẹ́kún tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní wà lórí ìtẹ́, ìyẹn láti ọdún 1558 sí 1603. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọdọọdún ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìfìwàwẹ̀dá, ó sì ti sú mi pé ohun tí wọ́n máa ń kọ nípa ẹ̀dá-ìtàn kì í ju "ènìyàn burúkú ni" tàbí "onísùúrù ni" lọ. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ẹ̀dá-ìtàn tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì.

Sátidé méjì gbáko ni a fi ka Doctor Faustus, ibẹ̀ gan-an ni owó mi sì ti ṣiṣẹ́ jù. Christopher Marlowe, ẹni tí wọ́n gún pa ní ọdún 1593 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 29, ni ó kọ eré náà nípa ọ̀mọ̀wé kan ní Wittenberg tí ó ta ọkàn rẹ̀ fún Lucifer kí ó lè fi ọdún 24 jayé agbára. Olùkọ́ wa, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, kò fi ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ bí àwa olùkọ́ ṣe máa ń ṣe. Ibi tí Faustus ti gún apá ara rẹ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ kọ ìwé àdéhùn ni ó mú wa lọ tààrà, tí ẹ̀jẹ̀ náà dì, tí kò ṣàn mọ́, títí Mephistopheles, ẹ̀mí èṣù tó ń ṣiṣẹ́ fún Lucifer, fi lọ gbé iná wá láti yọ́ ọ. Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka ibi tí Faustus ti ń bi ara rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ni kò fẹ́ kí òun kọ ìwé yìí. Ọmọ náà kà á bí ẹni tí ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ní, "Tún un kà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀." Ní ìgbà kẹta, ọmọ náà kọ́kọ́ wo apá rẹ̀ kí ó tó la ẹnu, gbogbo yàrá sì pa rọ́rọ́.

Ẹnìkan sọ pé àkúnlẹ̀yàn Faustus ni. Bàbá kò gbà. Ó ní ẹni tí ó kúnlẹ̀ yàn ti gbàgbé ohun tí ó yàn kí ó tó dé ilé ayé, ṣùgbọ́n Faustus kò gbàgbé ohunkóhun: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kìlọ̀ fún un, áńgẹ́lì rere bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí "Ènìyàn, sá" hàn lára apá rẹ̀, síbẹ̀ ó ní bí òun bá sá tọ Ọlọ́run lọ, Ọlọ́run yóò sọ òun sí ọ̀run àpáàdì. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ọ̀rọ̀ àyànmọ́ ṣàlàyé gbogbo àjálù inú ìwé fún àwọn ọmọ mi mọ́.

Ẹ̀sùn mi tí ó tóbi jù ni ti ìwé tí wọ́n ń tà fún wa ní ₦2,500, èyí tí kò ju fọ́tókọ́pì tí wọ́n dì pọ̀ lọ. Oríṣi méjì ni eré Faustus tí ó dé ọwọ́ wa, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1604 àti èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1616, Marlowe sì ti kú kí èyíkéyìí tó jáde. Nínú ti 1604, áńgẹ́lì rere sọ pé kò tíì pẹ́ jù, bí Faustus bá lè ronú pìwà dà. Nínú ti 1616, ó ní bí Faustus bá fẹ́ ronú pìwà dà. "Bá fẹ́" ni ó wà nínú fọ́tókọ́pì wa, "bá lè" sì wà nínú ògbólógbòó ẹ̀dà tí mo rà lọ́wọ́ òǹtàwé kan ní Dùgbẹ̀. Èmi àti ẹni tí ó jókòó tì mí fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, nítorí kálukú wa rò pé ẹnìkejì kò mọ̀wé kà. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ "fẹ́", ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Faustus ni kò wọlé. Bí ó bá jẹ́ "lè", a kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ní agbára láti rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó ṣe ìwé náà da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, kò sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ fún òǹkàwé.

The Spanish Tragedy tí Thomas Kyd kọ ni ó yà mí lẹ́nu jù, torí n kò kà á rí. Hieronimo jẹ́ adájọ́ ní ààfin ọba Spain. Inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n ti so Horatio ọmọ rẹ̀ rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà sì jẹ́ ọmọ àbúrò ọba. Ẹni tí ń dá ẹjọ́ gbogbo ìlú kò rí ẹni tí yóò dá ẹjọ́ tirẹ̀. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Gbági ni ó ka ipa bàbá arúgbó tí ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá nítorí ọmọ tirẹ̀ tí wọ́n pa. Hieronimo fẹ́ yọ áńkáṣífù fún un kí ó fi nu omijé, ó sì ṣèèṣì yọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ Horatio wà lára rẹ̀. Ìyá náà dákẹ́ níbẹ̀, kò lè tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà ni Bàbá fi hàn wá bí Hieronimo kan náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àdásọ kan pẹ̀lú "Tèmi ni ẹ̀san", ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀, tí ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu pé òun ni yóò gbẹ̀san.

Ti Brutus, ọ̀rẹ́ Caesar tó wà lára àwọn tó pa á nínú eré Julius Caesar ti Shakespeare, yá kánkán. Ó kọ́kọ́ sọ pé ikú Caesar ni ọ̀nà àbáyọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni ó tó ń wá ìdí. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rí mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí Claudius, ẹni tó pa ọba tí í ṣe arákùnrin rẹ̀ kó lè gba adé, ti kúnlẹ̀ nínú Hamlet, eré Shakespeare mìíràn, tí ó ń bèèrè bóyá a lè dárí ji ẹni tí ohun tí ó tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá oníṣòwò wa tún sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dá adìẹ aládìẹ padà ná, kó tó ṣe àmín." A rẹ́rìn-ín títí.

Macbeth, eré Shakespeare bákan náà, ni wọ́n fi parí, èyí tí n kò gbà, nítorí Ọba James ti jọba lẹ́yìn Elizabeth láti 1603 kí wọ́n tó kọ ọ́. Edward II ti Marlowe ni ì bá tọ́ sí àyè náà.

Àga rọ́bà ni wọ́n tò, ó sì ń dun ẹ̀yìn lẹ́yìn wákàtí kejì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn wíńdò máa ń bo ohùn àwọn tí kò lè pariwo. Ọmọ tí ó ń múra WAEC kò ní rí ìdáhùn ìdánwò há sórí níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ lítíréṣọ̀, òǹkọ̀wé àti òṣèré yóò rí nǹkan mú relé.

Ní Sátidé tí ó kẹ́yìn, mo fi ẹ̀dà tèmi han Bàbá. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ka ìlà méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní wọn yóò tún ìwé náà ṣe kí àwọn tuntun tó wọlé. Bí wọn kò bá tíì ṣe é nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ mú pẹ́ńsù dání, kí ẹ sì kọ "lè" sí ẹ̀gbẹ́ "fẹ́".