"Love" àti "like": èwo ni ká sọ?

Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá délẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "love" ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò jù. Ẹni tó ní òun "love" ìyá òun láàárọ̀ ló tún máa ní òun "love" bàtà tuntun lálẹ́. Nínú tẹ́níìsì, òdo gan-an ni wọ́n ń pè ní "love": bí wọ́n bá kéde "fifteen–love", ẹnì kan ti ní 15, ọwọ́ ẹnì kejì ṣì ṣófo. Ẹ ò rí nǹkan!

"Like" ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo gbádùn ìtàn rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nǹkan ló máa ń "like" èèyàn, ìyẹn ni pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni gbólóhùn yí padà, tó wá di pé èèyàn ló ń "like" nǹkan. Facebook gbé bọ́tìnì "Like" jáde ní 2009. Ọdún 2016 ni wọ́n tó fi "Love" tó ní àwòrán ọkàn kún un.

Ibi tí méjèèjì ti ń forí gbárí nìyí: kí ẹnì kan fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé "I love you", kí ẹnì kejì rẹ́rìn-ín músẹ́, kó ní "I like you too". Ojú olúwarẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀! Bẹ́ẹ̀, èébú kọ́ ni wọ́n bú u.

Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tuntun ni, "like" ni màá mú. Ṣùgbọ́n níparí lẹ́tà sí ẹbí, "love" nìkan ló ṣeé kọ.