G.I. Joe ti 1997 àbí ti 2007: èwo ni kí ẹ fowó yín rà?

Ẹni tó bá ń wá àwọn ọmọlangidi G.I. Joe kéékèèké tí wọ́n tún ṣe jáde, oríṣi méjì ni yóò máa pàdé jù. Ọ̀kan ni ti 1997, tí Hasbro ṣe fún ìsọ̀ Toys "R" Us nígbà tó pé ọdún 15 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn kéékèèké yìí. Ìkejì ni ti 2007, ti àjọ̀dún ọdún 25. Mo ti fi owó ara mi ra méjèèjì. Lọ́ńdọ̀nù ni mo dàgbà sí, Action Force ni a sì ń pè wọ́n níbí nígbà náà. Palitoy ló ń tà á kó tó bọ́ sọ́wọ́ Hasbro. Ìyá mi kó tèmi fún ọmọ aládùúgbò lọ́dún tí a kó kúrò nílé wa àtijọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rà á padà lẹ́yìn tí mo dàgbà.

Ní ti ojú, ti 1997 ló jọ ti àtijọ́ jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní ti ìdúró, ti 2007 ni: orúnkún rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, ó sì lè kúnlẹ̀ kó na ìbọn. Àwòrán ara páálí méjèèjì dára.

Ohun tó di ìbàdí mú gan-an ni kí ẹ wò. Láti 1982 ni rọ́bà roboto kan ṣoṣo, O-ring, ti so ara wọn pọ̀. Irin kékeré kan ló mú itan méjèèjì. Rọ́bà yìí kọ́ irin náà, ó gba inú ìbàdí kọjá, ó sì lọ kọ́ òpó kan nínú àyà. Síkúrù kan láti ẹ̀yìn ló pa àyà dé. Rọ́bà náà ló ń jẹ́ kí ìbàdí máa yí bí ti oníjó. Àmọ́ rọ́bà ni, rọ́bà sì ń gbó. Ó ń gan, ó ń sán, ó sì ń já, ìbáà jẹ́ pé ọmọdé ń fi ṣeré, ìbáà jẹ́ pé ó wà nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí. Ti 1997 ní in. Ti 2007 kò ní: ike ni wọ́n fi so ó pọ̀, abẹ́ àyà ló sì ti ń tẹ̀.

Èmi kò ro ti rọ́bà nígbà tí oǹtajà kan ní Amẹ́ríkà gbé àpótí 1997 síta. Páálí ń dán, kò sí igun rẹ̀ kan tó ká. £90 ni mo san. Ọdún méjì ló fi wà lórí pẹpẹ mi. Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí pé kí n ṣí i, mo fa àkọ́kọ́ jáde, ẹsẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀, àyà nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Àwọn yòókù náà já bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn wọ́n. Mo kọ̀wé sí oǹtajà, ó ní páálí tó dì pa lòun tà, òun kò ta ohun inú rẹ̀. Mo lọ ra O-ring lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ omi. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò nípọn jù. Bí mo ṣe ń di síkúrù, ìbàdí là sí méjì. Àfi kí n ra odidi ọmọlangidi mìíràn kí n tó rí ìbàdí yẹn. Ó dùn mí gan-an, torí pé bí mo bá ti mọ̀ ni, n kò ní san owó páálí lé e lórí.

Àwọn tó bá ọkọ̀ òfuurufú Skystriker tí Hasbro kéde ní 2021 jáde náà ní rọ́bà. Ọjọ́ orí tiwọn kéré lónìí ni.

Ti 2007 kì í ṣe aláìlábùkù. Méjì nínú tèmi kì í di ìbọn mú dáadáa. Àtàǹpàkò ti 1997 ní tirẹ̀ máa ń ṣẹ́ bí ẹ bá ti ìbọn bọ̀ ọ́ tipátipá.

Tí ẹ bá ń rà á láti Amẹ́ríkà wá sí Bìrìtéènì, tí ọjà náà ju £135 lọ, ẹ fi VAT 20% kún ìṣirò yín, àti owó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó bá gbé e wá.

Ẹni tó mọ síkúrù ṣí, tó sì fẹ́ fọwọ́ kan ọjọ́ èwe rẹ̀, kó ra ti 1997, èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀. Kó ní kí oǹtajà ya fídíò: kó gbá a lórí mú, kó mì í. Bí ẹsẹ̀ bá ń fì dirodiro, rọ́bà ti ń lọ. Kó béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé páálí kọ́ ògiri láìṣí i, kó ra ti 2007. Mẹ́tàdínlógún ti 2007 ló wà lórí pẹpẹ mi. Àwọn ti 1997 wà nínú àpótí bàtà, pẹ̀lú ìwọ̀n rọ́bà tó bá wọn mu tí mo kọ sára ìdérí rẹ̀.