Tẹ́sítà bákláìtì: àpótí kékeré tó yẹ kó wà lórí tábìlì gbogbo onírédíò l'Ádó

"Ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò lajú." Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ròyìn àìsàn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ nìyẹn tí wọ́n bá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìjìgbò tàbí Àjílósùn. Pláàsímà ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ LED ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn: ojú gíláàsì tí kò lè tàn fúnra rẹ̀ ló wà níwájú, àwọn gílóòbù kéékèèké tó ń jẹ́ LED ló sì ń tànmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn; àwọn là ń pè ní bákláìtì. Tí àwọn gílóòbù yẹn bá kú, àwòrán ò lọ síbì kankan, òkùnkùn ló bò ó. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, ẹ ti ilẹ̀kùn kí yàrá ṣókùnkùn, kí ẹ wá da tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí òjìji ẹni tó ń ka ìròyìn, a jẹ́ pé bákláìtì ti kú, tàbí kẹ̀ bọ́ọ̀dù tó ń fún un níná ni kò fún un mọ́.

Èwo nínú méjèèjì? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni wọ́n ṣe tẹ́sítà bákláìtì fún. Ó ń dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìdáhùn rẹ̀ máa ń yá jù, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gbàgbé pé iṣẹ́ ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀.

Àpótí ṣíṣu ni. Wáyà iná ń wọlé lápá kan, wáyà pupa àti dúdú ń jáde lápá kejì, ojú kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ tó ń kọ iye fólítì. Ara ọ̀pọ̀ wọn ni ẹ ó ti ka 85 sí 265V fún iná tó ń wọlé, èyí tó bá wa lára mu níbí tí iná ìlú lè wà ní 150V lálẹ́ kó sì fò lọ sí 240V kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí kò bá sí ohunkóhun lẹ́nu wáyà rẹ̀, ojú rẹ̀ máa kọ nǹkan bí 300V. Bí ẹ bá fi kan LED, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí iye tí LED yẹn ń fẹ́, LED á sì tàn. Mítà lásán kò lè ṣe èyí. Iná tó ń jáde lẹ́nu mítà tí ẹ bá yí i sí dáyóòdù kì í sábà ju 3V lọ; ó lè mú LED 3V kan ṣẹ́jú, kò lè tan LED 6V, ká má tíì sọ odindi sítíríìpù, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n to LED sí.

Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ẹ lè dán bákláìtì wò láì tú pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn gíláàsì iwájú yẹn. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n nìkan lẹ máa ṣí. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri, ẹ tú iná inú rẹ̀ dànù bí a ó ṣe sọ níwájú, ẹ wá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì LED kúrò lára bọ́ọ̀dù. Pupa sórí àmì +, dúdú sórí àmì −. Ká ní sítíríìpù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní LED 3V mẹ́fà, tí wọ́n so gbogbo wọn tẹ̀ lé ara wọn: LED 18 nìyẹn, tẹ́sítà gbọ́dọ̀ kọ nǹkan bí 54V, ẹ ó sì rí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lójú gíláàsì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, bọ́ọ̀dù lẹ máa bá jà. Bí tẹ́sítà bá dúró sórí 300V tí ibi gbogbo ṣókùnkùn, LED kan ti já nínú, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì àárín méjì ti jóná. Ẹyọ kan tó já ti tó láti pa gbogbo ìyókù. Bó bá kọ 51V dípò 54V, a jẹ́ pé gbogbo wọn ń tàn àyàfi ẹyọ kan tó ti di wáyà lásán. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá máa ń ní ìlà méjì tàbí mẹ́rin tó dá dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa wọ̀n.

Ohun kejì tó ń ṣe ni pé ó ń gbà yín lọ́wọ́ ẹrù tí kò bá iṣẹ́ yín mu. LED 3V àti 6V fara jọ ara wọn lójú. Sítíríìpù tó ní LED méje, tó kọ 21V, 3V ni. Tó bá kọ 42V, 6V ni. Ẹ gbé 6V síbi tí 3V wà, bọ́ọ̀dù á rò pé ìlà ti já, á pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ gbé 3V síbi 6V, bọ́ọ̀dù lè má lè sọ iná rẹ̀ kalẹ̀ tó, LED á sì jó. Àwọn tó ń ta sítíríìpù kì í sábà bínú bí ẹ bá dán an wò níwájú wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá bínú, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ àléébù rẹ̀. 300V DC (iná tó ń ṣàn síbì kan bíi ti bátìrì) ló wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, rọ́bà ara wáyà náà sì tẹ́ẹ́rẹ́. Lóòótọ́ kì í tú ju nǹkan bí 30mA lọ (mA ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), ṣùgbọ́n 30mA kì í ṣe ohun ìṣeré fún àyà èèyàn. Ọwọ́ kan ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn yín. Ẹnu wáyà rẹ̀ kò mú: ó máa ń yọ̀ lórí ọ̀dà funfun sítíríìpù, ẹ ó wá rò pé LED ti kú. Ẹ jó abẹ́rẹ́ ìránṣọ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ fi rọ́bà bò ó kó ku gígùn ìrẹsì kan síta. Kò sì wúlò fún àwọn LCD àtijọ́ tó ń lo ọ̀pá gíláàsì CCFL. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì AC (irú iná ìlú) làwọn yẹn ń lò, wọ́n ní irinṣẹ́ tiwọn.

Àléébù tó burú jù ni pé iná tó fi ń dán LED wò kéré. Inú tẹlifíṣọ̀n, 300 sí 600mA lè máa gba inú sítíríìpù kan kọjá. LED tó ti rẹ̀ lè tàn dáadáa ní 20mA, kó wá kú nígbà tó bá gbóná fún ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀nà àbáyọ wà bí tẹ́sítà yín bá ní ohun tí ẹ lè yí láti dín iná kù: ẹ dín in kù dé 1mA, ẹ pa iná yàrá, ẹ wo gbogbo LED pa pọ̀. Èyí tó bá ń ṣe bàìbàì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tó kọ̀ tí kò tàn, òun ni yóò kú tẹ̀ lé e. Lójú tiwa, èyí tí kò ní ohun tí ẹ lè yí yẹn kò yẹ ní rírà.

Ti kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú bọ́ọ̀dù, wá ńkọ́? Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fojú di í nítorí tẹ́sítà ti mú iṣẹ́ rọrùn. Yíyọ púlọ́ọ̀gì kò sọ pé iná ti tán nínú bọ́ọ̀dù páwà. Iná ìlú 230V tó bá gba inú bírígì, ẹ̀yà tó ń sọ AC di DC, kọjá di nǹkan bí 325V DC. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù tó ní PFC, apá tó ń gbé fólítì yẹn sókè sí i, ó máa wà láàárín 380 sí 400V. Inú kàpásítọ̀ gbọ̀ǹgbọ̀ tí wọ́n kọ 450V sí lára ló ń jókòó sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí rèsísítọ̀ tó yẹ kó máa jò ó dànù bá ti já. Ẹ mú rèsísítọ̀ 2.2kΩ, 10W, ẹ jó o mọ́ wáyà méjì tí rọ́bà wọn nípọn, ẹ fi kan ẹsẹ̀ méjèèjì kàpásítọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ fi mítà wò ó. Bó bá ṣì ju 5V lọ, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣe kàpásítọ̀ tó wà nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì LED náà bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè gbé ju 100V lọ. Súkúdiráfà tí wọ́n fi ń "pa á" yẹn máa ń ta iná, ó ń họ ojú bọ́ọ̀dù, ó sì lè gbé ẹ̀mí IC lọ, ìyẹn ẹ̀yà dúdú kékeré tó ń darí iná lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹ bá ń wọn ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ìlú ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ òdì kàpásítọ̀ ńlá yẹn ni wáyà dúdú mítà máa wà. Ara irin tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí 5V, 12V tàbí 24V ti ń jáde. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ máa ka irọ́ lójú mítà.

Bí tẹ́sítà bá ti fi hàn pé inú ni ọ̀rọ̀ wà, tábìlì tó fẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n lọ lẹ nílò, pẹ̀lú fóòmù tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀. Láti inch 43 lọ sókè, èèyàn méjì ni. Ẹ wo etí gíláàsì dáadáa: àwọn ríbọ́nì pẹlẹbẹ tó ní ìṣù dúdú kékeré lára ló so ó mọ́ bọ́ọ̀dù tóóró. Ọ̀kan péré tó bá ya, ìlà gbọọrọ máa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n títí ayé, ẹ̀rọ pàtàkì tó ń lẹ̀ ẹ́ padà kò sì wọ́pọ̀. Torí náà, ẹ má fi bọ́ọ̀dù tóóró yẹn gbé gíláàsì, etí rẹ̀ méjèèjì lẹ máa dì mú. Àwọn ọ̀rá funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi téèpù bébà sàmì sí igun wọn kí ẹ lè tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì ti fèrèsé. Ẹyọ eruku kan tó bá há sáàárín, oníbàárà á rí i lójoojúmọ́.

Ẹ pààrọ̀ gbogbo sítíríìpù pa pọ̀. A mọ̀ pé oníbàárà máa ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ tó kú yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi ṣe." Ẹ ṣàlàyé fún un pé àwọn tó kù ti jẹ iye wákàtí kan náà, àti pé tuntun á mọ́lẹ̀ ju wọn lọ. Gígùn, iye LED, fólítì àti ẹ̀gbẹ́ tí + wà gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù ń tú ooru dànù ju oní-fáíbà lọ. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè fara kan irin dáadáa.

Lẹ́ńsì funfun tó dé orí LED lè ṣubú, yóò sì yọ bí òṣùpá kékeré lójú tẹlifíṣọ̀n. Tẹ́sítà kò lè sọ èyí fún yín torí LED ń tàn. Ẹ má fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Èéfín rẹ̀ máa ń ṣú lẹ́ńsì. Gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì ni, lórí ẹsẹ̀ lẹ́ńsì nìkan, kó má kan ojú yẹ́lò LED.

Kí ló jó LED gan-an? Iná tó pọ̀ ni, láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti ooru. Bí ẹ bá pààrọ̀ sítíríìpù tí ẹ kò dín iná kù, kí ẹ máa retí oníbàárà padà. Ẹ wá àwọn rèsísítọ̀ kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ lẹ́bàá IC bákláìtì. Bí àpẹẹrẹ, IC tó ń lo 0.3V pẹ̀lú rèsísítọ̀ 2Ω mẹ́ta tí wọ́n so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 0.67Ω nìyẹn, 450mA ló ń jáde. Ẹ yọ ọ̀kan, ó di 1Ω, iná á di 300mA. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, LED á sì tutù. Iye 0.3V yẹn kì í ṣe ti gbogbo IC, ẹ wo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ní ti oníbàárà, ẹ bá a fa bákláìtì inú mẹ́nù wálẹ̀ sí 60 tàbí 70.

Nígbà àkọ́tàn, ẹ so gílóòbù 100W oníwáyà mọ́ ojú ọ̀nà iná, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé tẹlifíṣọ̀n; kì í ṣe gílóòbù LED. Tó bá tàn fẹ́rẹ́ tó sì rẹlẹ̀, ó dára. Tó bá mọ́lẹ̀ gbòò tí kò rẹlẹ̀, nǹkan ti sọ́ọ̀tì. Ẹ pa á. Fíúsì tó dúdú nínú náà, iye kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ má wé wáyà mọ́ ọn láé.

A fún tẹ́sítà yìí ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹnu wáyà rẹ̀ ló jẹ máàkì kan tó kù. Iye owó rẹ̀ ń bá dọ́là lọ sókè sódò, nítorí náà a kò kọ ọ́ síbí. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú LED 3V kan tí ẹ mọ̀ pé ó dára àti mítà yín lọ́wọ́ lọ. Kí olùtajà tì í bọ iná: ojú rẹ̀ kọ́kọ́ kọ nǹkan bí 300V, mítà yín gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, ẹ fi kan LED, kó sọ̀ sí nǹkan bí 3V láì ṣẹ́jú. Bí kò bá sí iná ní ọjà lọ́jọ́ náà, ẹ dúró títí yóò fi tan jẹnẹrétọ̀.