Ẹ̀jẹ́ntì Ìkòròdú tó mú mi lọ ṣe tíṣà ní Beirut

Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn o, físà tètè jáde, owó oṣù náà ò sì yẹ̀ rárá. Àmọ́ nígbà tí bọ́m̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lulẹ̀ káàkiri Lẹ́bánọ́nì ní September 2024, mo pè wọ́n pè wọ́n, wọn ò gbé e. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 ló wà lọ́wọ́ mi, tí wíńdò bá ti mì báyìí wọ́n á rọ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì mi, èmi náà á dá orin àtẹ́wọ́ tí màámi kọ́ mi sílẹ̀, a ó máa pàtẹ́wọ́ kíkankíkan kí wọ́n má baà gbọ́ ariwo ìta. Middle East Airlines nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù tó ń fò, èmi ni mo fowó ara mi wá tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó máa mú yín wálé bí ogun bá dé. Ìràwọ̀ 2.