Ìwọ̀ ẹja gar: èyí tí mo fọwọ́ sí àtèyí tí mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ rà fún ẹja gar (ẹja ẹlẹ́nu gígùn kan tó wà láwọn odò Amẹ́ríkà) yẹn, èmi ò fọwọ́ sí i fún ẹni tó bá fẹ́ dá ẹja padà sómi. Kì í ṣe pé kì í mú ẹja, ó ń mú un dáadáa, ibi tó ti ń kọ́ ọ nínú ara ni wàhálà wà.

Ẹ wo ẹnu gar ná. Ẹnu gígùn bíi ti ọ̀nì, egungun ló pọ̀ jù níbẹ̀, eyín ṣóńṣó sì kún un. Ìwọ̀ á kàn máa yọ̀ lórí egungun yẹn ni, ẹ ó fà á, ẹja á la ẹnu, ìjẹ á já bọ́, ó parí. Ìdí nìyẹn táwọn apẹja fi máa ń ní sùúrù kó gbé ìjẹ mì: á gbé e sá lọ, á dúró, á yí i lẹ́nu, á tún gbéra, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ fa okùn. Tó bá wá jẹ́ ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ló wà nínú ìjẹ, ọ̀fun tàbí ikùn ló máa há sí, ẹja tẹ́ ẹ tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè kú lẹ́yìn yín. Alligator gar, èyí tó tóbi jù nínú wọn, sì rèé, kì í tètè dàgbà, abo ẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ọdún 10 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, àwọn míì ń lò ju ọdún 50 lọ láyé. Ní Texas, ní Amẹ́ríkà, láti 2009, ẹyọ kan péré lójúmọ́ ni òfin gbà kéèyàn mú lọ ní ọ̀pọ̀ jù lọ omi ibẹ̀, àti pé ní apá tó pọ̀ nínú odò Trinity, èyí tó bá gùn ju ínṣì 48 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà ni àfi tẹ́ ẹ bá rí ìwé àṣẹ pàtàkì gbà. Òfin ní kẹ́ ẹ dá a padà, ìwọ̀ wà níkùn ẹ̀, kí la wá ṣe fún ẹja yẹn?

Èyí tí mo fẹ́ràn fún ẹja ńlá ni ìwọ̀ tó ká róbótó. Ṣóńṣó ẹ̀ kọjú sínú, torí ẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀fun, tí okùn bá ń fà á bọ̀ á máa yọ̀ títí á fi dé igun ẹnu, ibẹ̀ lá ti mú. Ẹ má fa okùn lójijì o, ẹ kàn máa yí ríìlì (ẹ̀rọ tó ń ká okùn) jẹ́jẹ́ títí okùn á fi le. Ẹ má sì fi ìjẹ bo gbogbo ìwọ̀ mọ́lẹ̀, ègé ẹja carp tàbí mullet kan ti tó, kí ṣóńṣó hàn síta. Àléébù ẹ̀ ni pé ẹja tó máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ á pọ̀ díẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà ni mo ṣì máa mú.

Wáyà tó máa ń wà láàárín okùn àti ìwọ̀ ńkọ́? Dandan ni, eyín gar á gé okùn lásán. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ò rò ni ìpẹ́ ara ẹ̀, ó le, etí ẹ̀ mú, gar sì máa ń yí gbirigbiri tó bá ti wà lórí ìwọ̀, okùn á wá máa ha ìpẹ́ yẹn títí á fi já. Torí náà wáyà kúkurú ò wúlò, kó tó bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Wáyà oní-ẹyọ-kan máa ń ká kọ́rọ́ tí ẹja bá yí, ibi tó ká yẹn náà ló ti máa ń ṣẹ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín 49 lọ́ pọ̀, ó wọ́n díẹ̀ àmọ́ ó rọ̀, ó sì ń pẹ́ lọ́wọ́. Ti fílóòtì, ìyẹn ohun tó ń léfòó tó ń gbé ìjẹ dúró, kékeré ni kẹ́ ẹ lò, tí gar bá ti mọ̀ pé nǹkan ń fa òun á tu ìjẹ sílẹ̀ ni.

Fún longnose gar, irú gar míì tí ò tóbi, ẹ gbàgbé ìwọ̀! Okùn ọ̀rá ni, ẹ̀yà kan tí wọ́n tú fọ́nrán ẹ̀ yẹ́ríyẹ́rí, kò sí ìwọ̀ kankan lára ẹ̀. Ẹ fà á lọ jẹ́jẹ́ nítòsí ojú omi níbi tí wọ́n ti ń yọjú wá mí, ẹja á bù ú jẹ, fọ́nrán á wé mọ́ eyín ẹ̀, ó ti dè nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á, kí okùn ṣáà má dẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fọwọ́ sí èyí, èèyàn tiẹ̀ lè ṣe é fúnra ẹ̀ láìra ti ìsọ̀. Ìwọ̀nba ohun tó gba àkíyèsí níbẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ yọ gbogbo fọ́nrán kúrò lẹ́nu ẹja pátápátá, tó bá kù síbẹ̀ tó so ẹnu ẹ̀ pọ̀, kò ní lè jẹun mọ́, ebi lá pa á. Ẹ ra ẹ̀mú ọlọ́rùn gígùn àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn kẹ́ ẹ tó ra okùn yẹn rárá, ẹni tí ò bá ní méjèèjì kó má tíì sọ ọ́ sómi.