Owó tí mo san fún afinimọ̀nà láti yí Ìbàdàn ká

Ẹ̀yin tó ń wá afinimọ̀nà tó ní mọ́tò láti fi Ìbàdàn hàn yín, owó yín ò ní ṣòfò. Kí ẹ tó wọkọ̀ ni kí ẹ ti sọ fún un pé Òkè Àrẹ lẹ ó kọ́kọ́ lọ. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì mú kí gbogbo ìyókù yé wa.

Orí òkè yẹn ni Láyípo wà, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì (aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì) àkọ́kọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1893. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yípo, ó sì tóóró débi pé ẹni tó ń gòkè á fara gbá ògiri kí ẹni tó ń sọ̀ lè kọjá. Ẹ má tìtorí ìyẹn padà. Bí ẹ bá dókè, páànù tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ ó máa rí títí ojú fi máa tó, òkè níhìn-ín, òkè lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ìdí tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú fi pabùdó síbí ní nǹkan bí 1829: ọ̀tá wo ló fẹ́ yọ́ wọ irú ibi báyìí? Afinimọ̀nà wa mọ ìtàn yìí dáadáa, kò kánjú rárá.

A kàn dúró díẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Mápó ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Dúgbẹ̀ ni afinimọ̀nà wa ti já mi kulẹ̀. Inú ọkọ̀ ló ti nawọ́ sí Ilé Kòkó, tó sì wakọ̀ lọ. Ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa kọ́! Ó yẹ ká sọ̀ kalẹ̀, ká gbójú sókè wò ó.

Odò Ògùnpa kò tiẹ̀ sí nínú ètò rẹ̀, àwa la ní kó dúró lẹ́bàá afárá. Omi tín-ín-rín lẹ ó rí láàárín kọnkéré. Ṣùgbọ́n ní August 31, 1980, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, omi yìí kan náà kún, ó wó ilé, ó sì gbẹ̀mí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bàbá kan tó ń tajà nítòsí rí i pé à ń wolẹ̀ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó bá omi lọ. A ò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Nígbà tí a wá dé ọgbà Àgódì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, a ti mọ ohun tí à ń wò. Ògùnpa ni wọ́n sé tó di adágún Dandaru níbẹ̀, àgbàrá 1980 ló sì gbé ọ̀pọ̀ ẹranko inú ọgbà náà lọ. Ibẹ̀ tutù, ó mọ́, ó dáa fún ọmọdé.

Màá tún pe afinimọ̀nà yìí. Ẹ ṣáà bá a ṣàdéhùn pé ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ ní Dúgbẹ̀ àti ní Ògùnpa kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ yín mu nítorí Òkè Àrẹ.